Ojú Ló Ń Wa Mọ́tò: Bí A Ṣe Ń Múra Sẹdáàní Àtijọ́ Sílẹ̀ fún Autocross

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé mọ́tò mi wọ àárín kọ́ọ̀nù, àwọn ike olórí ṣóńṣó tí wọ́n fi ń sàmì ọ̀nà eré autocross, ìṣẹ́jú kan péré ni gbogbo rẹ̀ gbà, àmọ́ ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà. Kì í ṣe eré àsápajúdé ló fà á. Mi ò kọjá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, iye tí mò ń sá lójú títì lójoojúmọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo àìsàn tí mọ́tò náà ti ń gbé kiri láìwí ló tú síta lẹ́ẹ̀kan náà: ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti kú, búṣì iwájú, rọ́bà tó wà láàárín irin abẹ́ mọ́tò, ti gbó, bíréèkì ń fà sí apá òsì. Èmi tí mo jókòó sídìí sítíárìn gan-an wà lára àìsàn ọ̀hún. Kọ́ọ̀nù tó wà níwájú imú mọ́tò nìkan ni mò ń wò, torí náà gbogbo kọ́nà ló ń bá mi lójijì.

Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mi léèrè pé kí lòun máa kọ́kọ́ rà fún sẹdáàní òun, ohun kan náà ni mo máa ń sọ: ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ tọ́jú èyí tó wà níbẹ̀, kí ẹ wá kọ́ ojú yín ní ibi tó yẹ kó máa wò.

Irú eré wo nìyí?

Autocross kì í ṣe eré tí mọ́tò ti ń lé mọ́tò. Wọ́n á to kọ́ọ̀nù sórí pápá ìgbọ́kọ̀sí tó gbòòrò tàbí ojú ọ̀nà bàlúù tí wọn kò lò mọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì dá gba àárín wọn kọjá, aago ló ń bá díje. Ìrìn kan sábà máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 70. Ẹ lè rìn ín ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan, èyí tó yá jù nínú wọn ni wọ́n á kà fún yín. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ SCCA (Sports Car Club of America) ni òléwájú nínú rẹ̀, Solo ni wọ́n ń pè é. Ìdíje àpapọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973, láti 2009 ló sì ti ń wáyé ní Lincoln, ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Òfin wọn ni mo máa tẹ̀ lé nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí òun ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké ń wò ṣe tiwọn.

Kọ́ọ̀nù kan tí ẹ bá gbá, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún àkókò yín. Ẹnu ọ̀nà kan (àlàfo àárín kọ́ọ̀nù méjì) tí ẹ bá fò, ìrìn yẹn ti dànù. Wọ́n máa ń fi ẹfun fa ilà yí ìdí kọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ká. Tí kọ́ọ̀nù bá sún àmọ́ tó ṣì dúró, tí ìdí rẹ̀ ṣì kan ilà náà, ẹ ò jẹ gbèsè. Tó bá ṣubú, tàbí tó kúrò nínú ilà pátápátá, ẹ ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Kọ́ọ̀nù tí ẹ bá rí tí wọ́n dà dùbúlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, atọ́ka ni: ibi tí orí rẹ̀ kọ sí ni kí ẹ gbà.

Mọ́tò tí mo ní lọ́kàn ni sẹdáàní onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ràn mọ́tò wíwà: BMW E36 tàbí E46 (ìran méjì BMW 3 Series àtijọ́), Lexus IS 300, Subaru Impreza WRX ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àtàwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọn kò sanra tó àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn wọn, sítíárìn ọ̀pọ̀ wọn sì ń lo ọ́ìlì, kì í ṣe iná mànàmáná, torí náà ohun tí táyà ń ṣe nílẹ̀ ń dé ọwọ́ awakọ̀. Ìṣòro wọn ò ju ọjọ́ orí lọ. Rọ́bà ń gan, ike ń gbó, irin ń rẹ̀ ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ka òfin

Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ìwé òfin, àmọ́ òun ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó òfo. Wọ́n pín mọ́tò sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ lára rẹ̀. Ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Street ló yẹ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà yín láyè níbẹ̀ láti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, páàdì bíréèkì, àti irin stabilizer (èyí tí kì í jẹ́ kí mọ́tò fì jù) kan ṣoṣo, yálà ti iwájú tàbí ti ẹ̀yìn. Táyà yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ojú títì, tí nọ́mbà treadwear tó wà lára rẹ̀ (ìwọ̀n bí ojú táyà ṣe ń pẹ́ tó kó tó jẹ) kò dín ní 200.

Tí ẹ bá wá lọ ra sípíríìnì tó ń rẹ mọ́tò sílẹ̀ torí pé ó rẹwà lójú, ẹ ti jáde kúrò ní Street nìyẹn. Ẹ ó bá ara yín láàárín àwọn tó ti pààrọ̀ sípíríìnì, rímù àti ohun mẹ́wàá mìíràn, kìkì sípíríìnì ni ẹ̀yin ní. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ló fi ń gba ipò ìkẹyìn, kó tó dá sípíríìnì àkọ́kọ́ padà.

Ìwòsàn ṣáájú agbára

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Autocross kì í ba mọ́tò tó lálàáfíà jẹ́. Àṣírí mọ́tò tó ń ṣàìsàn ló máa ń tú.

Omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lára E36 àti E46, ike ni wọ́n fi ṣe agolo omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọrùn tí họ́ọ̀sì wọ̀. Ike yẹn ń gbóná, ó ń tutù, lọ́dọọdún, títí yóò fi dà bí èèpo ẹyin. Ní ọdún kejì mi, ìrìn kẹta ni mo wà tí agolo omi mi là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo omi ẹ́ńjìnnì dà sójú ọ̀nà, eré dúró, èèyàn bí ọgbọ̀n ń wò mí bí mo ṣe ń fi ìgbálẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ nu ilẹ̀. Mo ti rí i lóṣù kan ṣáájú pé àwọ̀ ike náà ti di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo ní ó máa gbé e dé ìparí ọdún. Bí ẹ ò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ agolo, họ́ọ̀sì, tẹmọ́sítáàtì àti pọ́ǹpù omi gbẹ̀yìn, ẹ kà á sí pé wọn ò pààrọ̀ wọn rí, kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: ẹ bù ú dé àmì òkè lára irin ìwọ̀n, kì í ṣe agbedeméjì. Nínú kọ́nà gígùn, ọ́ìlì máa ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú agbada rẹ̀. Bí kò bá pọ̀ tó, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí bíárììn inú ẹ́ńjìnnì bá sì fi gbẹ ti tó láti bà á jẹ́. Ìdí kan náà ni mo fi ń fi epo bẹntiróò sílẹ̀ ní ìdajì táǹkì. Tí táǹkì bá kún, ẹrù lásán lẹ ń gbé; tó bá sì kéré jù, mọ́tò á máa wúkọ́ ní gbogbo kọ́nà tó gùn.

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, òun gan-an ni kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì onípele DOT 4 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú agolo kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230 lórí ìwọ̀n Celsius. Tó bá ti mu omi, 155 ni òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí ẹsẹ̀ yín rì bíi pé ẹ tẹ kànrìnkàn, ẹ fa ògbólógbòó yẹn jáde kúrò ní gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ rọ tuntun sí i. Ẹ ò nílò bíréèkì ńlá aláwọ̀ pupa. Ìrìn autocross kò pẹ́ tó ohun tó máa sun bíréèkì tó dáa. Páàdì tó péye, ọ́ìlì tuntun, ó tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mọ́tò sórí jáàkì kí ẹ di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ fi ọwọ́ kan di òkè táyà, ẹ fi èkejì di ìsàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bí ẹ bá gbọ́ kọ́-kọ́, bíárììn ẹsẹ̀ tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ tún di í lápá ọ̀tún àti apá òsì. Tó bá mì níbẹ̀, ẹ wo àwọn irin tó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀. Kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ tan iná sí abẹ́, kí ẹ wo búṣì: rọ́bà tó ti fàya máa ń dán níbi tó ti ya. Búṣì ọwọ́ ìsàlẹ̀ iwájú (irin tó di ẹsẹ̀ mọ́tò mú) àti búṣì ọwọ́ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń kú lára E46. Bí ẹ bá ṣe pààrọ̀ wọn, ẹ ó rò pé wọ́n ta mọ́tò tuntun fún yín.

Ẹni tó ní E36 tàbí E46 tún ní ohun kan láti wò. Ibi tí irin ńlá tó gbé ìdí mọ́tò ró ti wọ ilẹ̀ mọ́tò, páánù ibẹ̀ máa ń ya. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò dáadáa, ẹ wo ìdí bóòtì kọ̀ọ̀kan. Bí ilà tín-ín-rín bá wà níbẹ̀, ẹ má gbé e lọ sí eré títí oníwẹ́dà tó mọṣẹ́ yóò fi tún un ṣe. Bí ẹ kò bá tíì ra mọ́tò náà, ẹ wò ó kí owó tó kúrò lápò yín.

Táyà

Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìtọ́jú, táyà ni kí ẹ ná an sí. Kò sí ohun mìíràn tó ń mú mọ́tò yá láàárín kọ́ọ̀nù tó o. Àmọ́ èrò mi ni pé kí ẹ fi táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ṣe ọdún àkọ́kọ́, bó bá ṣì dára. Táyà lásán máa ń pariwo kó tó yọ̀, ariwo yẹn sì ni olùkọ́ yín. Táyà olówó ńlá máa ń dákẹ́ títí dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí.

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́mbà mẹ́rin kan wà ní ìparí àmì DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti pẹ́ máa ń le bí igi, bí òǹtẹ̀ ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jìn.

Afẹ́fẹ́ táyà ni àtúnṣe tí kò gba owó. Ẹ fi iye tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ fi bíi psi 5 kún un níwájú, kí ẹ fi díẹ̀ kún ẹ̀yìn. Ẹ wá mú ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé, kí ẹ fi fa ilà láti ojú táyà sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká rẹ̀, ní ibi mẹ́ta yíká táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Àmì kékeré onígun mẹ́ta kan wà ní èjìká ọ̀pọ̀ táyà. Lẹ́yìn ìrìn kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ibi tí ẹfun ti pa rẹ́ dé. Bó bá pa rẹ́ kọjá àmì náà sísàlẹ̀, táyà ń yíràá sórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fún un ní psi 2 sí i. Bí kò bá dé àmì rárá, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ yọ díẹ̀. Tó bá dúró sí etí àmì gẹ́lẹ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kọ nọ́mbà náà sínú ìwé.

Àláìmẹ́ǹtì

N kò ní pẹ́ níbí. Iwájú mọ́tò títì sábà máa ń dúró ṣánṣán, àmọ́ nínú kọ́nà, a fẹ́ kí orí táyà rọ̀ sínú díẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè tẹ́ sílẹ̀ bí mọ́tò bá fì. Kámbà òdì (rírọ̀ sínú yẹn) bíi dígírì 1.5 sí 2.5 dára níwájú tí ẹ bá rí i gbà. Lára E46, pínnì kékeré kan wà lórí ṣọ́ọ̀kì iwájú tó ń di í mú sójú kan. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ lè ti orí ṣọ́ọ̀kì sínú kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà, ẹ ó sì jèrè kámbà díẹ̀ láìra nǹkan kan. Ẹ ṣáà ti wò ó nínú òfin ìsọ̀rí yín. Ẹ ní kí wọ́n fi imú táyà iwájú sí òdo, ìyẹn ni pé kó kọjú síwájú tààrà, kí ti ẹ̀yìn wọ inú díẹ̀. Ó parí.

Alẹ́ àti òwúrọ̀

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ eré, ẹ kó ohun gbogbo kúrò nínú mọ́tò. Mo ní ohun gbogbo: rọ́ọ̀gì ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, owó ẹyọ, ṣájà, ìgò omi. Ìgò omi tó bá yí lọ sábẹ́ bíréèkì nínú kọ́nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá. Ẹ yọ táyà ìpààrọ̀ àti jáàkì nígbà tí ẹ bá dé pápá, àti ìbòrí rímù bó bá ní in.

Ohun tí mo máa ń kó dání ni akoto, géèjì afẹ́fẹ́, pọ́ǹpù kékeré, sípánà tó ń ka agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì, ẹfun, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lítà kan, omi mímu tó pọ̀, fìlà, àti tápù aláwọ̀ fún nọ́mbà ara mọ́tò. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Akoto gbọ́dọ̀ ní àmì ààbò nínú, bíi ti Snell, irú èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá lójú àwọn olùṣètò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní èyí tí wọ́n ń yá àlejò lò, torí náà ẹ béèrè kí ẹ tó rà.

Ní pápá, àwọn ayẹ̀wò á wo bóyá bàtìrì dè mọ́lẹ̀ tí kò mì, bóyá nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ pé, bóyá tọ́rọ́tù (ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré) ń padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, bóyá bíréèkì le lẹ́sẹ̀, bóyá nǹkan ń jò. Tí ẹ bá ti ṣe ohun tí mo sọ lókè, ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ fi sípánà oníwọ̀n fún nọ́ọ̀tì fúnra yín kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. E46 ń fẹ́ 120 Nm, ti mọ́tò tiyín wà nínú ìwé rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rìn ín

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Wọ́n máa ń ṣí ojú ọ̀nà sílẹ̀ láàárọ̀ kí àwọn èèyàn rìn ín, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń borí, kì í ṣe nínú mọ́tò. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán.

Ní ìgbà kìíní, ẹ bá èrò rìn, ẹ tàkúrọ̀sọ, kí ẹ ṣáà mọ ibi tí ọ̀nà gbà. Ní ìgbà kejì, ẹ dá nìkan rìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àwọn ibi pàtàkì títí ojú yín yóò fi wà ní ìwọ̀n ibi tó máa wà nínú mọ́tò. Ẹ ó rí i pé ògiri kọ́ọ̀nù tó hàn kedere nígbà tí ẹ dúró ti di igbó aláwọ̀ ọsàn kan ṣoṣo. Ẹ bi ara yín pé nínú gbogbo kọ́ọ̀nù wọ̀nyí, èwo ló kàn mí? Nínú kọ́nà kan tó ní kọ́ọ̀nù mẹ́wàá, ọ̀kan tàbí méjì ló ń pinnu ọ̀nà yín. Ìyókù, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú: iyanrìn, ọ̀dà tí wọ́n fi lẹ ibi tó là, ihò omi.

Ní ìgbà kẹta, ẹ dúró lẹ́yìn ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ di ojú yín, kí ẹ wà á lọ́kàn látòkèdélẹ̀. Ibi tí àwòrán bá ti dàrú ni kí ẹ padà lọ wò.

Ìjókòó

Ẹ sún síwájú ju bí ẹ ṣe ń jókòó lójú títì. Bí ẹ̀yìn yín bá fi ara ti àga, ọrùn ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ lè sinmi lórí sítíárìn lókè. Láti de ara mọ́lẹ̀, ẹ fa àga sẹ́yìn díẹ̀, ẹ de bẹ́líìtì, ẹ já a gììrì kó há, kí ẹ wá fa àga padà síwájú nígbà tó ṣì há. Tí ara yín ò bá fì kiri, ọwọ́ yín ò ní máa fi sítíárìn gbé yín ró.

Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń dènà yíyọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbà náà, ẹ ní láti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kó tó sùn tán. Bí ojú ọjọ́ bá tutù tí ilẹ̀ sì ń yọ̀, ẹ lè fi í sílẹ̀ ní ìrìn àkọ́kọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Wíwà á

Gíà kìíní ni ẹ fi máa gbéra, ẹ ó bọ́ sí ìkejì láìpẹ́, ẹ ó sì fi í parí ìrìn náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má máa ronú nípa gíà.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá ń wọ kọ́nà kan, ojú yín ti gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde. Bí ẹ bá ń jáde, ojú yín ti wà lára èyí tó kàn. Ọwọ́ a máa tẹ̀ lé ojú láìjẹ́ pé ẹ rán an. Kọ́ọ̀nù tí ẹ bá tẹjú mọ́ ni ẹ ó gbá, mo ti fi bọ́ńpà mi wádìí rẹ̀ yé. Tí olùkọ́ bá jókòó tì yín, ẹ ní kó máa pariwo "wo iwájú" ní gbogbo ìgbà tí orí yín bá rọ̀.

Ẹ tẹ bíréèkì nígbà tí mọ́tò ṣì dúró tààrà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gidi, kí ẹ sì tètè tẹ̀ ẹ́. Bí ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há lábẹ́ bíréèkì, bá ń gbá ẹsẹ̀ yín, ẹ ti pẹ́ jù. Bí ẹ bá ṣe ń yí sítíárìn ni kí ẹ máa tú bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ìwúwo tí bíréèkì gbé wá síwájú ló ń ran táyà iwájú lọ́wọ́ láti yà. Táyà kan ní ìwọ̀n ohun tó lè dì mú. Ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ tán sórí bíréèkì, kò ní ṣẹ́ńjì tó máa fi yà.

Ọ̀pọ̀ sẹdáàní wúwo níwájú, àṣìṣe tí gbogbo wa sì ń ṣe ni kí a wọ kọ́nà pẹ̀lú eré tó pọ̀ jù. Imú á kọ̀, kò ní yà, àwa náà á tún yí sítíárìn sí i. Ìyẹn kì í ràn án lọ́wọ́. Táyà tó ti yípo jù ń fá ilẹ̀ lásán ni. Ẹ dá sítíárìn padà díẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí tọ́rọ́tù, ẹ dúró kí táyà tún di ilẹ̀ mú. Ìdúró yẹn dà bí ọdún kan, àmọ́ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà mìíràn, ẹ wọlé jẹ́jẹ́, ẹ pẹ́ kí ẹ tó súnmọ́ kọ́ọ̀nù inú, kí ọ̀nà àbájáde lè tọ́ fún yín láti tẹ iná. Tó bá sì jẹ́ ìdí mọ́tò ló ń yọ̀ síta, tí mọ́tò náà ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rìn, ẹ ti yára tẹ tọ́rọ́tù ni. Ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ lọ, ọwọ́ yín á yí i padà, kí ẹ dín iná kù láìjá a lójijì.

Slalom nìyí, ibi tí àkókò pọ̀ sí jù. Ká ní kọ́ọ̀nù márùn-ún wà lórí ìlà, tí ẹ ní láti lọ́ gba àárín wọn. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á dé kọ́ọ̀nù kìíní, á yí ọwọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá kàn án. Ó ti pẹ́. Ní ìkejì, ó tún pẹ́ sí i. Ní ìkẹta, bíréèkì. Ní ìkẹrin, kọ́ọ̀nù ti wà lábẹ́ mọ́tò. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ padà kí imú mọ́tò tó dé kọ́ọ̀nù, débi pé táyà ẹ̀yìn ló máa kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, nígbà tí imú ti ń kọjú sí èyí tó kàn. Ẹ fẹ́ kọjá kí kọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kan ìdí mọ́tò. Ẹ wọ slalom pẹ̀lú eré tó dín díẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe yín lọ, kí ẹ lè máa fi tọ́rọ́tù kún un bí ẹ ṣe ń lọ. Tí ẹ bá ń rí àyè mí láàárín kọ́ọ̀nù kẹta àti ìkẹrin, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ jẹ́jẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Sẹdáàní àtijọ́ máa ń fì, ó ń gba àkókò díẹ̀ kó tó jókòó sórí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá já ọwọ́ sí òdìkejì kó tó jókòó, ẹ ó máa lé e títí dé ìparí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe jáwọ́ kí ẹ tó kọjá ìlà ìparí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dunnú ní kọ́ọ̀nù tó kẹ́yìn, wọ́n sì gbá a.

Láàárín ìrìn kan sí èkejì

Ẹ má kọ́kọ́ wo àkókò yín. Ẹ dúró sínú mọ́tò fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sọ ohun kan péré tí ẹ máa yí padà ní ìrìn tó kàn. Ohun kan. "N ó bíréèkì ṣáájú kọ́nà ńlá." Bí ẹ bá kó mẹ́ta lọ, ẹ ò ní rántí ìkankan.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó mí. Ẹ wo ẹfun lára táyà. Afẹ́fẹ́ táyà máa ń lọ sókè bó bá gbóná, torí náà ẹ yọ ọ́ padà sí nọ́mbà tí ẹ kọ sínú ìwé. Bí ẹni méjì bá ń pín mọ́tò kan wà, àwọn táyà á gbóná jù; omi tí ẹ fọ́n sí wọn lára á tù wọ́n. Ìrìn àkọ́kọ́ wà fún mímọ ọ̀nà, ẹ má gbìyànjú láti borí nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ rí i dájú pé ẹ ní ìrìn kan tí kò gbá kọ́ọ̀nù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwà wèrè.

Wọ́n á tún ní kí ẹ ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà nígbà tí àwọn ìsọ̀rí mìíràn bá ń sáré. Ẹ má sá fún un. Ẹ kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀, ẹ má jókòó, ẹ má yọ fóònù. Ẹni kan ló máa di àsíá pupa mú pẹ̀lú ìkòkò apaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ìyókù á máa sáré gbé kọ́ọ̀nù padà sínú ilà ẹfun wọn. Láti ibẹ̀, ẹ ó rí ohun tí awakọ̀ gidi ń ṣe ní kọ́nà tó yọ yín lẹ́nu: ibi tí iná bíréèkì rẹ̀ ti tàn, àti ibi tó ti kú.

Nígbà tí ọjọ́ bá parí

Mọ́tò náà ló ṣì máa gbé yín délé. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ṣí ohunkóhun tó ní omi nínú. Ẹ dá afẹ́fẹ́ táyà padà sí iye tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ fún nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i torí gbígbóná àti títutù máa ń tú wọn, ẹ wo ọ́ìlì, kí ẹ dá táyà ìpààrọ̀ àti rọ́ọ̀gì ilẹ̀ padà. Ẹ tan ẹ̀rọ tó ń dènà yíyọ̀ padà bí kò bá tan fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ojú ọjọ́, psi tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ẹ fi parí, àkókò ìrìn kọ̀ọ̀kan, kọ́nà tí ẹ ò mọ̀ ọ́n wà, ariwo tuntun tí mọ́tò ń pa. Ìwé tèmi ti kún fún epo àti ẹfun. Ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìlà kan péré: "Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Búṣì. Gbé ojú sókè."